Kí ẹ tó rẹ aṣọ àga Ojúde Ọba láró

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yín, fẹ́ fi aṣọ bo igba àga tí ẹ máa lò lábẹ́ kánópì ní Ojúde Ọba, pé ahunṣọ kan, aládìrẹ kan àti télọ̀ kan ló máa pawọ́ pọ̀ ṣe é, ẹ wá ń béèrè pé ta ni kó ya ọnà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ti àkọ́kọ́ bà jẹ́, owó mi sì bá a lọ. Kí n tó dáhùn ti ọnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó máa jókòó lé e.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ la lò nígbà yẹn. Wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ funfun, wọ́n ń rì í sínú aró ẹ̀lú, wọ́n ń yọ ọ́, títí ó fi dúdú dáadáa. Ó wù mí débi pé mo gbé e sùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti há mọ́ wa, a ò jẹ́ kí aládìrẹ ṣàn án tó. Aró ẹ̀lú kì í wọnú òwú tán, ojú òwú ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dúró sí, èyí tí kò bá sì dì mọ́ ọn dáadáa á máa ra ohun tó bá kàn án. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la ti wọ aṣọ fún àwọn àga, ìrì sẹ̀ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oòrùn mú, àwọn ìyá wa jókòó, òógùn bò wọ́n. Ìyá kan wọ léèsì funfun. Nígbà tí wọ́n dìde pé kí àwọn àti ẹgbẹ́ wọn lọ kí Ọba, gbogbo ẹ̀yìn léèsì náà ti di aró, níwájú gbogbo Ìjẹ̀bú. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí, mo sì ra léèsì mìíràn fún wọn. Títí di òní, ojú ń tì mí tí mo bá rí wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó ṣàn án títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Tó bá gbẹ, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù ra ojú rẹ̀ kíkankíkan. Bí aró bá yọ sára funfun yẹn, kó padà sínú omi. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan wọ funfun, kó jókòó lé e nínú oòrùn fún wákàtí kan gbáko. Àga kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, kó tó di igba.

Ohun tó há ọjọ́ mọ́ wa ni pé déètì ọdún tó kọjá la fi ń ṣírò. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé sí i lọ́dọọdún. 18 Okúdù ló bọ́ sí ní 2024, ó di 8 Okúdù ní 2025.

Ó wá ku ti ọnà. Ẹ mọ aṣọ olónà tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun lórí òfì tí wọ́n ń gbé nàró, tí ọ̀pọ̀lọ́ àti ọ̀nì máa ń yọ lára rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ìtàgbé tí àwọn olóyè Òṣùgbó, ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ àwọn àgbà ìlú, ń gbé kọ́ èjìká. Nígbà kejì, ọmọkùnrin tó ń bá wa ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà mú ọ̀pọ̀lọ́ inú ìtàgbé, ó gbé e sáàárín ìjókòó. Inú mi dùn sí i. Ìgbà tí ìyá ahunṣọ rí i, wọ́n ní, "Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, ẹ̀yin fẹ́ fi ìdí jókòó lé e?" Wọn ò fọwọ́ kan òwú lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìlà aṣọ òkè ẹ̀tù àti sányán la padà lò fún ìjókòó, ẹnikẹ́ni ò sì rí nǹkan kan sọ sí i. Orúkọ ẹgbẹ́ àti àwòrán Ọba, ẹ̀yìn àga lápá ìta ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, níbi tí ẹ̀yìn ènìyàn ò ti ní kàn wọ́n.

Bí ẹ bá gbọ́ tèmi, ahunṣọ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ti orí òfì wá, bí ínṣì mẹ́rin ní fífẹ̀, kí télọ̀ tó rán an pọ̀. Ọnà tí ẹni tí kò mọ òfì bá yà, ojú rírán ló máa gé e sí méjì. Kí télọ̀ gé pépà bí àga ṣe rí, kó fa ìlà ibi tí ojú rírán máa wà, kí ahunṣọ àti aládìrẹ jọ ya ọnà sáàárín ìlà náà. Ẹ gbé ojúlówó àga rọ́bà lọ síwájú wọn, ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni kẹ́ ẹ ti yá gbogbo rẹ̀, torí ti ẹlòmíràn lè fẹ̀ ju tẹni àkọ́kọ́ lọ, kí aṣọ má sì wọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá ti rí àga náà, ẹ fi ìwọ̀n ẹ̀yìn àti ìjókòó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín ṣírò iye aṣọ tí ahunṣọ máa hun.