Èsì: Àléfọ́ lára ọmọ oṣù 5

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti kọ̀rọ̀ ìgbúnwọ́ ọmọ yín rí ṣákiṣàki, ó ń họ ara mọ́jú, ẹ sì ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ pa kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú tì. Awọ ibi tó rí ṣákiṣàki yẹn ti gbẹ jù tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ ló túbọ̀ ń gbẹ, ìdí nìyẹn tọ́mọ fi ń họ ọ́ mọ́jú.

1. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ.
2. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má nù ún kíkankíkan.
3. Kára ẹ̀ tó gbẹ tán, ẹ fi fasilín tí kò lóòórùn pa á, kó nípọn débi pé á máa dán. Ẹ tún un pa lọ́sàn-án àti lálẹ́. Èyí gan-an lọ̀gá nínú ìtọ́jú ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ má fi kan ojú ọmọ. Sítẹ́rọ́ìdì líle (oògùn tó ń mú kí ara wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀) máa ń wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ó sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́. Bí fasilín ò bá ká a, dókítà lè kọ hydrocortisone 1%, ìyẹn ìpara sítẹ́rọ́ìdì tí kò le, fún ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ gé èékánná rẹ̀. Ẹ má dá ọmú dúró.

Àléfọ́ ni mò ń sọ o. Bó bá ń ṣomi, tó ń yọ èépá aláwọ̀ ìyeyè, tàbí tára ọmọ gbóná, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ojú ibẹ̀ bá rí roboto, tí etí ibẹ̀ ga, tí àárín ibẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ lápálápá, oògùn tiẹ̀ yàtọ̀.