"Negative" nínú ìwé àyẹ̀wò àbúrò mi

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àpòlúkù fún àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 43. Wọ́n kọ "diffuse type" àti "E-cadherin: negative" sínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀. Inú ìyàwó rẹ̀ ń dùn pé "negative" ni, pé àìsàn ti lọ. Ọkàn tèmi ò balẹ̀, torí jẹjẹrẹ inú ló pa màmá wa. Ṣé ajogúnbá ni? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò, Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Ó dùn mí láti sọ ọ́, "negative" yẹn kì í ṣe ìròyìn ayọ̀.

E-cadherin ni purotéènì tó ń so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì nínú àpòlúkù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo irú ẹran tí wọ́n gé yìí lábẹ́ maikirosíkóòpù. Tí a bá fi oògùn tó ń wá E-cadherin sí i, ibi tó bá wà á pọ́n rúsúrúsú: ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín tó yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká. Nínú irú jẹjẹrẹ ti àbúrò yín, "diffuse type", tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń fọ́n káàkiri, ìlà yẹn sábà máa ń pòórá. Ohun tí "negative" túmọ̀ sí nìyẹn: a ò rí E-cadherin nínú jẹjẹrẹ náà, kì í ṣe pé àìsàn ti lọ. Ara tó dára tó wà létí rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ìyẹn náà ò bá yọ àwọ̀, àyẹ̀wò ni kò dára, a ó tún un ṣe.

Sẹ́ẹ̀lì tí kò dìmú mọ́ á máa dá rìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í sábà kórajọ di kókó, abẹ́ ara inú àpòlúkù ló ń gbà tàn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì gba ọ̀fun fi lè wọlé kó má rí i.

Ní ti ogún, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ajogúnbá. Inú jẹjẹrẹ náà nìkan ni CDH1, jíìnì tó ń ṣe E-cadherin, ti bàjẹ́ tàbí ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n ń jogún CDH1 tó ti bàjẹ́. Ní New Zealand, ìdílé Māori kan (àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀) ń sin èèyàn tí jẹjẹrẹ yìí pa láti ìran dé ìran, títí kan àwọn ọ̀dọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní èpè. Àwọn ará ilé náà fúnra wọn ló tọ àwọn onímọ̀ lọ, nígbà tó sì di 1998, Parry Guilford ti Yunifásítì Otago àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé CDH1 tó bàjẹ́ ló ń fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èpè dẹ́rù bà yín nílé tiyín.

Ọmọ kan nínú méjì ló ṣeé ṣe kó jogún CDH1 tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ òbí tó ní in. Àwọn obìnrin tó bá jogún ẹ̀ tún gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọmú wọn, torí ó ń fa irú jẹjẹrẹ ọmú kan. Àwọn míì máa ń jẹ́ kí wọ́n gé gbogbo àpòlúkù wọn kí àìsàn tó dé: wọ́n á so ọ̀nà ọ̀fun mọ́ ìfun, wọ́n á máa jẹun díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa gba abẹ́rẹ́ fítámì B12 títí ayé.

Pẹ̀lú ọjọ́ orí àbúrò yín àti ọ̀rọ̀ màmá yín, ó yẹ kí wọ́n yẹ CDH1 wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun ni kó kọ́kọ́ ṣe é. Bí wọ́n bá rí i pé ó bàjẹ́, kí ẹ̀yin yòókù wá ṣe tiyín. Ẹ wá ìwé ilé ìwòsàn màmá yín jáde, kí ẹ mú un dání lọ bá dókítà.