Máàpù omíyalé tí mo ṣe ò yé àwọn èèyàn, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó dátà bí omi ṣe máa ń jìn tó nígbà omíyalé jọ, mo fi QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, gbé e sórí máàpù, mo wá fi gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè kùn ún kó lè fani mọ́ra. Àmọ́ gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló ń bi mí pé ibo gan-an ló léwu jù. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Àwọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ń da ojú wọn rú. Ojú èèyàn ò mọ̀ pé gírìn ju búlúù lọ àbí pé pupa ló kéré jù, yẹ́lò tó bọ́ sáàárín ló sì máa ń tàn jù, ni gbogbo ojú á bá sáré lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ibẹ̀ lè má jìn rárá. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò, kó bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó fẹ́rẹ́ kó máa dúdú lọ bí omi ṣe ń jìn sí i. Ẹ lọ sórí ColorBrewer, ìkànnì tí Cynthia Brewer ṣe fún yíyan àwọ̀ máàpù, ó máa fi àwọ̀ tí ẹni tí ò lè fìyàtọ̀ sáàárín pupa àti gírìn náà máa rí dáadáa hàn yín. Ìpele mẹ́rin ti tó, ẹ má sì kọ mítà nìkan síbẹ̀, ẹ kọ kókósẹ̀, orúnkún, ìbàdí, òkè orí, torí ìyẹn lèèyàn lè fojú inú wò.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni etí omi yẹn, ìlà tẹ́ ẹ fà pé ibí lomi máa dé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ SRTM, ìyẹn dátà gíga ilẹ̀, lẹ fi mọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Ọkọ̀ tó lọ sí gbalasa òfuurufú lóṣù kejì ọdún 2000 ló wọn ìyẹn, ojú kan nínú àwọn ojú kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán ẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 30 mítà, ó tún máa ń ka orí igi àti òrùlé mọ́ ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fa ìlà tó mú bí abẹ, tẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ títí wọ́n á fi rí ilé wọn, ẹni tí ilé ẹ̀ fi díẹ̀ jìnnà sí ìlà á sùn gbádùn, omi á sì bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú máàpù ìjì líle ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn rò pé ìta àmì tó ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, tí wọ́n yà sórí ẹ̀, ò léwu, bẹ́ẹ̀ ibi tí àárín ìjì lè gbà nìkan ló ń fi hàn, àárín ìjì náà sì máa ń yà kúrò nínú àmì yẹn tó ìgbà kan nínú mẹ́ta. Torí náà ẹ jẹ́ kí etí omi yín máa ṣá díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti fífẹ̀ ẹ́ pa kó tó dé orí ilé kọ̀ọ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá kọ “omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún” síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa á rẹ́. Wọ́n á rò pé ó di ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó padà wá, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 1 nínú 100 ni ṣíṣeéṣe pé ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, tẹ́ ẹ bá wá fi ọgbọ̀n ọdún gbé ibẹ̀, ṣíṣeéṣe pé ó máa ṣẹlẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ti tó 26 nínú 100.

Ẹ kọ ọjọ́ tí dátà yẹn wáyé sí i. Lẹ́yìn náà ẹ fi han ẹnì kan tí ò rí i rí, lórí fóònù ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó fìka tọ́ ibi tó máa sá lọ. Ẹ má ṣàlàyé kankan fún un.