Àbúrò mi ń gbọ́ wàásù mọ́jú lórí fóònù: ṣé kí ẹ̀rù bà mí?

Ìbéèrè: Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni à ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin jáde ní Póli, kò ríṣẹ́. Wàásù orí fóònù ló kù tó ń gbọ́, ó sì ní òun ò ní jẹun nílé àbúrò bàbá wa tó jẹ́ onígbàgbọ́ mọ́. Ṣé àìríṣẹ́ ló ń sọ èèyàn di Boko Haram ni, àbí ẹ̀sìn?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, méjèèjì lọ́wọ́ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dá a ṣe. Tó bá jẹ́ àìríṣẹ́ nìkan ni, Òṣogbo ì bá ti dàrú tipẹ́. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀sìn, mélòó ni agbo ilé nílùú yìí tí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ọlọ́ṣun ti jọ ń jẹ ẹran iléyá?

Ní 2023, àjọ UNDP, ẹ̀ka ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN), gbé ìwádìí kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá àwọn tó ti wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè 8 nílẹ̀ Áfíríkà. Nínú àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn wọ̀ ọ́, ìdá 25 nínú 100 ní iṣẹ́ ni àwọn ń wá. Ìdá 17 ló dárúkọ ẹ̀sìn. Èyí tí mo mú ní pàtàkì jù ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó ló ti àwọn síbẹ̀, ìyà àìtọ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ, pàápàá láti ọwọ́ agbófinró. Ẹ wo Maiduguri: ní oṣù keje 2009, àhámọ́ ọlọ́pàá ni Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram, kú sí. N ò ní kò jẹ̀bi o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún gbérí lábẹ́ Abubakar Shekau, ẹni tó di olórí lẹ́yìn Yusuf, ní 2010, ẹ̀san ikú yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń pariwo.

Nítorí náà, ẹ má gba fóònù rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án. Àdúrà púpọ̀ kì í ṣe àmì, irùngbọ̀n náà kọ́. Ẹ bá a jókòó gbọ́ wàásù náà, ẹ bi í ta ló fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ wá ààfáà tó kọ́ ọ ní kéú, ẹni tó lè fi àyà bá a jiyàn lórí ìwé. Kí àbúrò bàbá yín náà máa yà sílé, bí kò tilẹ̀ sí oúnjẹ láàrin wọn.

Tó bá wá ń sọ pé pípa àwọn kan tọ́, tàbí ó ń palẹ̀ mọ́ fún ìrìn àjò tí kò fẹ́ kí ilé mọ̀, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ lọ bá agbófinró, ṣùgbọ́n kí agbẹjọ́rò tẹ̀ lé yín, kí ọmọ náà má baà sọnù sí àhámọ́.