Bírìkìlà tó mọ ògiri fún télọ̀: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàlámù aleykum, Àáfà wa. Bírìkìlà ni mí ní Àjàṣẹ́ níbí. Télọ̀ kan tí a jọ ń kírun ní kí n bá òun mọ ògiri ilé òun, kí òun fi ọdún 2 kọ́ ọmọbìnrin mi níṣẹ́ aṣọ rírán láìgba owó ìkọ́ṣẹ́. A ò kọ ìwé, ṣùgbọ́n ẹni méjì wà níbẹ̀. Mo mọ ọ́n tán, iṣẹ́ tí mo máa ń gba 120,000 sẹ́fà lé lórí. Oṣù 5 péré ló fi kọ́ ọmọ náà tó fi lé e wálé, ó ní ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Mo béèrè owó mi, ó ní ìrànlọ́wọ́ ni mo ṣe, kò sẹ́ni tó dárúkọ owó. Àáfà kan ní tí mo bá béèrè, láádá mi, ẹ̀san tí mo ní lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, bàjẹ́. Òmíràn ní kí n mú owó wá, kí òun ké Súrà Yásíìn lé télọ̀ náà lórí kí ìyà lè jẹ ẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wà aleykumu sàlám. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "kò sẹ́ni tó dárúkọ owó" yìí ti ń pọ̀ jù lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ta ló sọ pé owó nìkan ni owó iṣẹ́? Ẹ ka Súrà Al-Kọ́sọ́sì, áyà 27: ọdún 8 ni bàbá arúgbó ará Mádíyánà ní kí Ànábì Músà fi bá òun ṣiṣẹ́, kó lè fẹ́ ọmọ òun. Kò sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, síbẹ̀ àdéhùn ni, Músà sì mú un ṣẹ. Ní mọ́síábù, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn, Ìmámù Mọ́líkì tí à ń tẹ̀lé, ẹ lè fi iṣẹ́ san iṣẹ́, bí ẹ bá ti mọ iṣẹ́ méjèèjì àti àkókò rẹ̀. Ọdún 2 lẹ sọ. Sàráà kọ́ lẹ ṣe fún un.

Ní ti láádá: ọkùnrin kan wá gba ràkúnmí tí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó sì fi ohùn líle béèrè. Àwọn sọ̀hábà, ìyẹn àwọn tó bá Ànábì gbé ayé, fẹ́ dìde sí i. Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ó sì ní kí wọ́n fún un ní èyí tó dára ju tirẹ̀ lọ. Kí àáfà tó ń pa yín lẹ́nu mọ́ lọ ka hádíìsì yìí. Télọ̀ yẹn ló yẹ kí ẹ̀rù bà, nítorí Ọlọ́hun sọ pé òun fúnra òun ni òun máa bá ẹni tó gba iṣẹ́ alágbàṣe pé tí kò san owó rẹ̀ ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Inú ìwé hádíìsì Bùhárì ló wà.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba kọjá ẹ̀tọ́. Ẹ kọ́kọ́ ní kó gba ọmọ padà, kó kọ́ ọ parí, torí àdéhùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Pé ọwọ́ ọmọ kò yá kì í ṣe àwáwí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti yá kì í wá kọ́ṣẹ́. Bó bá kọ̀, ẹ pín 120,000 sí oṣù 24. Oṣù 5 tó fi kọ́ ọmọ jẹ́ 25,000, tirẹ̀ nìyẹn. 95,000 ló kù fún yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ ló ń sá níbi iṣẹ́, ẹ tún wá bá mi, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ní ti Yásíìn, inú bí mi gan-an. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà náà fúnra rẹ̀ pé kí ó lè jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tó wà láàyè ni òun ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn wọ̀nyí sọ ọ́ di ọfà tí wọ́n ń tà, wọ́n tún ń gbowó lé e! Ànábì kò ṣe é, àwọn sọ̀hábà kò ṣe é. Ẹ má fún un ní sẹ́fà kan. Àdúà ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ, kò sí gàgá láàárín rẹ̀ àti Ọlọ́hun, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ mú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì lọ bá a lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá sẹ́, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ Lèmámù, lẹ́yìn náà olórí àdúgbò. Bó bá ní òun kò ní in lọ́wọ́ báyìí, tó sì jẹ́ òótọ́, ẹ jẹ́ kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, iye owó àti ọjọ́ tó máa san án, kí àwọn ẹlẹ́rìí sì buwọ́ lù ú.