Àbúrò, ya àwòrán kó o tó wá fọ́múlà

Àbúrò mi, o ní o ti há gbogbo fọ́múlà thermo (thermodynamics, ẹ̀kọ́ nípa ooru àti iṣẹ́) sórí, síbẹ̀ tí ìbéèrè bá ti dé o kì í mọ èyí tó o máa lò. Ó yé mi gan-an, mekáníkà lèmi náà kà, kọ́ọ̀sì yẹn fojú mi rí màbo ní 200 level. Ohun tó yọ mí ni pé mi ò kí ń fọwọ́ kan fọ́múlà kankan títí màá fi ya àwòrán.

Ya nǹkan tí wọ́n ń bi ẹ́, ì báà jẹ́ pọ́ǹpù, tọ́báìnì àbí sìlíńdà, kó o fa ìlà yí i ká, kó o wá bi ara ẹ pé kí ló ń gba orí ìlà yìí kọjá? Ṣé omi tàbí atẹ́gùn ń wọlé ń jáde, ṣé ooru ń wọlé, ṣé iṣẹ́ ń jáde? Tí nǹkan ò bá ṣàn wọlé tí ò ṣàn jáde, internal energy (u, agbára tó wà nínú nǹkan náà fúnra ẹ̀) ni kó o dì mú. Tó bá ń ṣàn, enthalpy (h) ni, torí iṣẹ́ tí omi yẹn fi ń ti ara ẹ̀ wọlé ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ ọmọ rú gan-an nìyẹn, wọ́n á kàn máa fi u rọ́pò h.

Steam table, ìyẹn table tí wọ́n kọ iye u, h àtàwọn yòókù fún omi àti steam sí, wá ńkọ́? Ká ní wọ́n fún ẹ ní steam tó wà ní 500 kPa àti 200°C, wọ́n ní kó o wá h. Má tíì sáré lọ síbi 200 nínú table saturated (ti omi àti steam tó wà lójú ibi tómi ti ń hó gan-an) o! Kọ́kọ́ wo 500 kPa, wàá rí i pé bíi 152°C lomi ti ń hó níbẹ̀. Tìẹ ti gbóná ju ìyẹn lọ, á jẹ́ pé superheated ni, ibẹ̀ lo máa lọ, wàá bá bíi 2855 kJ/kg. Ẹni tó lọ sí saturated ní 200°C máa mú bíi 2790 wá, gbogbo ìṣirò tó kù ti wọ́ nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ gauge pressure (èyí tí wọn ò ka ti afẹ́fẹ́ mọ́) ni wọ́n fún ẹ, fi bíi 101 kPa ti afẹ́fẹ́ kún un kó o tó ṣí table rárá.

Ti sign, ìyẹn àmì + tàbí − tó o máa fi síwájú ooru àti iṣẹ́, ìwé kan yàtọ̀ sí ìkejì, tẹ̀ lé ti lẹ́kíṣọ̀rà ẹ, kó o kọ ọ́ sókè ìwé ìdánwò.

Entropy (òṣùwọ̀n bí agbára ṣe fọ́n ká tó) ò yẹ kó dẹ́rù bà ẹ́ jàre, inú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ti wá. Láti 1824 ni Sadi Carnot, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti jẹ́ ká mọ̀ pé bí ibi gbígbóná ṣe gbóná tó àti bí ibi tútù ṣe tutù tó ló ń pinnu bí ooru tí ẹ́ńjìnnì lè sọ di iṣẹ́ ṣe lè pọ̀ tó. Tí ibi gbígbóná bá jẹ́ 600 K, tí ibi tútù jẹ́ 300 K, kò lè kọjá ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ooru náà láéláé (Kelvin ni o, kì í ṣe Celsius). Tí ìdáhùn ẹ bá wá gbé 60 jáde, padà lọ wo iṣẹ́ ẹ kó o tó fi sílẹ̀. Mú past question kan, ya àwòrán ẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wo ibi tó ti ń dà ẹ́ láàmú.