Ẹ̀rọ tó ń gbọn èèyàn kì í fọ ẹ̀jẹ̀ o

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ̀wé. Àwọn kan gbé ẹ̀rọ kan wá sí àdúgbò wa, èèyàn á dúró lé e, á sì máa gbọn èèyàn láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé orí. Màmá mi tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 68 ń lọ síbẹ̀. Wọ́n sọ fún wọn pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ó ń mú egungun le, pé ẹsẹ̀ tó ń yún wọn tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, ìdọ̀tí ló ń jáde. Màmá ní BP, ẹsẹ̀ òsì wọn sì ti wú láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kí wọ́n máa lò lórí ẹ̀ lójúmọ́? Ṣé wọ́n lè dín oògùn BP kù?

ÌDÁHÙN: Kò sí ìṣẹ́jú kankan. Ẹ má jẹ́ kí màmá gun ẹ̀rọ yẹn mọ́ títí dókítà á fi wo ẹsẹ̀ òsì yẹn, ẹ má sì yọ ẹyọ kan kúrò nínú oògùn BP wọn. Ìṣẹ́jú lẹ̀ ń bi mí, àmọ́ ẹsẹ̀ tó wú tẹ́ ẹ kàn sọ kọjá yẹn ló já mi láyà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ náà dáadáa. Tó bá jẹ́ méjèèjì ló wú ni, mi ò bá kọ́kọ́ béèrè bóyá amlodipine wà nínú oògùn tí wọ́n ń lò, torí ó máa ń jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì wú lára àwọn kan, dókítà sì lè bá wọn pààrọ̀ ẹ̀. Àmọ́ kí ọ̀kan wú kí èkejì má wú, pàápàá tí ẹ̀yìn ojúgun níbi tí ẹran pọ̀ sí bá le, tó gbóná ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ, tó sì ń dùn wọ́n, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹran. Ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn lè já níbẹ̀, kó gba inú ọkàn kọjá, kó lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó bá yín jẹun láàárọ̀ lè má rí alẹ́. Irú ẹsẹ̀ yẹn lẹ wá fẹ́ gbé lé ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20 sí 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo? Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí gan-an, púpọ̀ nínú wọn ló ń kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sí lẹ́sẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gùn ún. Àwọn tó ń tà á fún yín ò ka ìwé náà, tàbí kí wọ́n kà á kí wọ́n gbé e pamọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ yìí ti sú mi. Láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń gbọ́ ọ, àwọn àgbà ló sì ń náwó sí i jù. Kíndìnrín ló ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń bá a ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà ò ju bíi líítà 5 lọ, ọkàn sì ń tì í yí gbogbo ara po láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kódà téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Kíndìnrín ń sẹ́ omi tó tó líítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀ yìí lójúmọ́, ó ń dá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ padà sára, ìdọ̀tí ń bá ìtọ̀ lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀ kan tó ń retí kí wọ́n wá gbọ̀n ọ́n jáde.

Yíyún tí wọ́n fi ń tan àwọn màmá yẹn, òótọ́ ni pé ó ń yún wọn. Bí ojú ẹ̀rọ náà ṣe ń lọ sókè sódò ní mìlímítà díẹ̀, ó ń fa ẹran ẹsẹ̀ lójijì, ẹran náà á súnkì padà fúnra ẹ̀, á máa ṣe bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹran tó bá ń ṣiṣẹ́ ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké abẹ́ awọ á là, ẹ̀jẹ̀ á ya wọ ibẹ̀, ibẹ̀ á gbóná, á wá máa yún, bó ṣe ń yún ẹni tó ti pẹ́ tó ti sáré kẹ́yìn. Kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Tí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ fi aṣọ funfun nu ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀, òógùn nìkan lẹ máa rí lára aṣọ yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ dídì náà, gbígbọ̀n ò lè tú u. Oògùn ni dókítà ń fúnni kó má bàa dì sí i, ara á wá máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Gbígbọ̀n tó bá pọ̀ jù gan-an máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹ wo àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ́ òkúta àti kọnkéré fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìka wọn a máa kú, á sì máa funfun tí òtútù bá mú.

Mi ò sọ pé ẹ̀rọ náà ò wúlò rárá o. Àwa físíò, ìyẹn àwa tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ẹran ara àti egungun, ń lò ó fún àgbà tí ò lè rìn jìnnà, ó lè fún ẹsẹ̀ lókun díẹ̀ kí wọ́n má máa ṣubú, ẹran tó bá sì ń ṣiṣẹ́ ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Kò wá tó nǹkan tí wọ́n á torí ẹ̀ pa oògùn tì. Ti egungun, wọ́n ti wò ó ní Kánádà, ìwádìí náà jáde ní 2011: obìnrin 202 tí nǹkan oṣù wọn ti dá, àwọn kan nínú wọn ń dúró lórí irú èyí tó ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́ fún oṣù 12, egungun wọn ò sàn ju tàwọn tí ò gùn ún lọ.

Aboyún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹni tí egungun ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹni tó ní wárápá, ẹni tó ní òkúta nínú kíndìnrín tàbí òróòro, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà tó ń bá ọkàn lù, kí wọ́n jìnnà sí i àfi tí dókítà tó mọ̀ wọ́n bá ní kí wọ́n gùn ún. Ẹni tára ẹ̀ bá gbà á, kó tẹ orúnkún díẹ̀, torí téèyàn bá na ẹsẹ̀ gbọọrọ, inú orí ni gbogbo gbígbọ̀n yẹn ń lọ. Kó lo bí ìṣẹ́jú kan kó sinmi, kí físíò sì wà nítòsí.

Mi ò fojú rí màmá, mi ò lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀ tàbí kò dì. Skáànù ẹsẹ̀ ló máa sọ. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, tí wọn ò bá rí skáànù náà ṣe níbẹ̀, ẹ gba Ṣágámù lọ, kí wọ́n wò wọ́n ní ọsibítù yunifásítì. Tí èémí wọn bá ṣàdédé ń há, tí àyà ń dùn wọ́n tàbí tí wọ́n ń wú ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀, ẹ má dúró wá ẹnikẹ́ni, ẹ wọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan àgbo, kí dókítà rí i. Títí tí wọ́n á fi wò wọ́n tán, kí ẹnikẹ́ni má fi Robb tàbí àdí ra ẹsẹ̀ yẹn, kí wọ́n má sì fọwọ́ wọ́ ọ.